Kí ẹ tó wó ògiri ilé bàbá yín

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́, ibẹ̀ ni mo gbà di agbaṣẹ́ṣe ilé. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, àmọ́ iṣẹ́ a máa gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, a sì máa gbé mi wọ Rẹ́mọ, dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi báyìí ni àtúnṣe àwọn ilé ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó àti owó òwò kọ́ láàárín 1950 sí 1970. Ẹ̀yin náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Báráńdà kékeré wà níwájú, pálọ̀ tẹ̀ lé e, pásééjì tóóró la ilé já dé ẹ̀yìn, yàrá tò sí ọ̀tún, yàrá tò sí òsì, kíṣìnì àti ilé ìwẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Igi òrùlé rẹ̀ lágbára ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lónìí lọ. Àmọ́ bí ẹ bá wọlé lọ́sàn-án gangan, ẹ óò máa fọwọ́ tá ògiri kí ẹ tó rí ilẹ̀kùn yàrá.

Àwọn ọmọ onílé tó wà ní Amẹ́ríkà ló sábà máa ń pè mí. Wọ́n á fi fọ́tò ilé ilẹ̀ tọ̀hún ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ranch house, tí wọ́n kọ́ lásìkò kan náà pẹ̀lú ti bàbá wọn, tí ẹnì kan wá wó ògiri àárín rẹ̀ kí pálọ̀, ibi ìjẹun àti kíṣìnì lè di ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe é." Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Igi ni wọ́n fi gbé ògiri inú ilé tọ̀hún dúró, ọ̀pọ̀ irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò sì gbé ẹrù kankan. Tiwa, búlọ́ọ̀kù ni, tàbí amọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí lára, ògiri ẹ̀gbẹ́ pásééjì méjèèjì ló sì sábà máa ń gbé igi òrùlé. Ẹni tó bá wó o láìbèèrè ń wó òrùlé ni.

Oòrùn pàápàá yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà yípo ọdún. Níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Ìyókù ọdún, ó ń gba gúúsù. Ibi yòówù kó gbà, òkè lọ́hùn-ún ló máa ń wà, etí òrùlé tó bá yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì á dá a dúró. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni kò gbọ́ ti etí òrùlé, nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń wọlé tààrà. Nítorí náà, ojú àríwá àti ojú gúúsù ni kí fèrèsé ńlá máa wà. Ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ jẹ́ kó kéré, kó sì ga sókè, tàbí kí ẹ gbin igi síwájú rẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ lo ọjọ́ kan gbáko nínú ilé náà láì tan iná. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ibi tí oòrùn dé lórí ilẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, lọ́sàn-án, àti láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ dáadáa. Níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbà fún ọgọ́ta ọdún, sìmẹ́ńtì ti jẹ, ó ti ń dán. Ojú ọ̀nà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mo ti rí ilé tí ọ̀nà tó jẹ jù níbẹ̀ lọ láti kíṣìnì ẹ̀yìnkùlé, gba pásééjì, dé pálọ̀ iwájú: ọ̀nà tí ìyá ilé ń gbé abọ́ gbà nìyẹn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, nínú òkùnkùn.

Ẹ gun àjà pẹ̀lú káfíńtà. Ẹ wo ibi tí igi òrùlé jókòó lé, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri tó gbé e nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé páálí aláwọ̀ eérú, pẹlẹbẹ, líle, ni wọ́n fi ṣe àjà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ó wọ́pọ̀ nínú ilé ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí pé mo ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń fi òòlù fọ́ ọ láìbo imú. Eruku rẹ̀ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ tó sì ń fà lè pẹ́ tó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ kó tó jáde. Ẹ má fi ayùn kàn án. Ẹ bomi rin ín, ẹ yọ ìṣó rẹ̀, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódindi, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bo imú, kí àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà síbi kànga. Aṣọ tó tutù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí pẹ̀lú, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ níbikíbi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, inú yàrá tàbí iwájú ilé ni wọ́n sin bàbá tàbí ìyá àgbà sí, kì í sì í ṣe gbogbo ibojì ló ní àmì. Ilé ẹbí sì ni, kí gbogbo ọmọ ìyá fẹnu kò kí òòlù tó dún.

Ó kan pásééjì wàyí, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn ilé wọ̀nyí wà. Yàrá àárín kan ni mo máa ń fi wò ó sàn. Ẹ mú yàrá kan láàárín, ní ojú àríwá tàbí gúúsù, kí ẹ la ògiri tó dojú kọ pásééjì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ẹ sọ yàrá náà di ibi ìjẹun. Fèrèsé rẹ̀ á wá máa tan ìmọ́lẹ̀ sí àárín pásééjì, atẹ́gùn á sì rí ọ̀nà là á já bí ilẹ̀kùn yàrá òdìkejì bá ṣí. Líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré onírin tí a ń dà sókè ibi tí a là, ni yóò gbé ohun tí ògiri ń gbé tẹ́lẹ̀: kó wọ inú ògiri ní íńṣì mẹ́sàn-án lápá kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá irin mẹ́rin tó jẹ́ mílímítà 12 wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì po ó ní sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin. Ẹ fi igi ti òrùlé kí ẹ tó la ògiri. Ẹ máa bomi rin líńtẹ̀lì náà fún ọjọ́ méje, kí igi tó gbé e dúró wà níbẹ̀ di ọjọ́ kẹrìnlá. Bí ògiri bá jẹ́ amọ̀, èmi kì í là kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mi ò sì í sún mọ́ igun ilé. Èyí tó bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, ẹ pe ẹnjiníà.

Lórí ilẹ̀kùn yàrá tó kù, ẹ fi gíláàsì kékeré sí òkè, kí ìmọ́lẹ̀ yàrá máa yọ sí pásééjì. Ní ìparí pásééjì, ẹ pààrọ̀ ilẹ̀kùn irin sí èyí tí gíláàsì wà ní ìlàjì rẹ̀, kí ẹ fi irin ààbò sí i. Àwọn kan fẹ́ràn páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ó dára bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, lórí pásééjì, ní apá òrùlé tó kọjú sí àríwá, tí ẹ sì fi òmíràn tẹ́ àjà lábẹ́ rẹ̀ kí ooru má baà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi sórí pálọ̀, ẹ ò ní lè jókòó níbẹ̀ ní oṣù Kẹta. Àwọn baba ńlá wa mọ ìmọ́lẹ̀ òkè dáadáa, àárín àkòdì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un wọlé.

Fún fèrèsé, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: kó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yàrá, ó kéré tán. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ 144, nítorí náà fèrèsé 4 sí 4 tó o. Gíga rẹ̀ ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Fèrèsé onípákó àtijọ́ máa ń wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà méje, ìmọ́lẹ̀ á wọ inú yàrá dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14. Èyí tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlàjì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí, èyí tí a ń tì síta ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ kun àjà ní funfun, ẹ kun ògiri pásééjì ní àwọ̀ kíríìmù. Bí pákó fèrèsé àtijọ́ bá jẹ́ ìrókò, ẹ má sun ún. Káfíńtà lè fi ṣe tábìlì ibi ìjẹun.

Kíṣìnì ńkọ́? Ẹ gbé e wọ yàrá tó kẹ́yìn nínú ilé, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ibi ìjẹun, kí òmíràn yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má wó ti ẹ̀yìnkùlé o. Bí Iléyá bá dé, tí àwọn ọmọ ilé wá fún Ojúde Ọba, ìkòkò ńlá àti igi ìdáná kò ní wọ inú ilé, ìyá tó sì ń ro ìkọ́kọrẹ́ fún ogójì ènìyàn nílò atẹ́gùn.

Oṣù Kọkànlá ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kí òrùlé lè padà bò kí òjò oṣù Kẹta tó dé. Ọyẹ́ a máa mú sìmẹ́ńtì gbẹ kíákíá, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa bomi rin ín. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, yàrá àárín àti ọ̀dà funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Fèrèsé lè máa tẹ̀ lé e ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kíṣìnì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.