Bí a ṣe ń to àwọn èèyàn àti nǹkan tó ń jẹ́ Cassini láì dà wọ́n pọ̀

Orúkọ ìdílé Ítálì tí èèyàn púpọ̀ ń jẹ́ máa ń da atọ́ka ẹ̀yìn ìwé rú. Cassini la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló le jù. Ẹni tó bá lè to Cassini, Rossi àti Ferrari ò ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ wá káàdì pélébé. Páálí kọnfílééèkì tí ẹ fi sáàsì gé dáadáa náà tó, kò sídìí láti ra èyí tí wọ́n ń tà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọdún, ẹ má lo bírò. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ títí di ìparí: bí ẹ bá tètè kó o sínú Excel, tí ẹ sì ní kó to orúkọ, álífábẹ́ẹ̀tì ló máa fi tò ó, á sì kó àwọn tí ẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀ síbì kan.

Ẹni kan tàbí nǹkan kan, káàdì kan. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n bí i, ọdún ìbí àti ikú, ibi tí wọ́n bí i sí, àti iṣẹ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ẹ pín káàdì sí èèyàn àti nǹkan.

Ibí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Giovanni Domenico Cassini ní Perinaldo, nílẹ̀ Ítálì, ní 1625. Ó dé Párìsì ní 1669, ó di ọmọ ilẹ̀ Faransé ní 1673, Giovanni Domenico sì di Jean-Dominique. Ọmọ rẹ̀ ni Jacques (1677–1756), ọmọ Jacques ni César-François Cassini de Thury (1714–1784), ọmọ César-François sì tún ń jẹ́ Jean-Dominique (1748–1845). Onímọ̀ ìràwọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé ìwòràwọ̀ Párìsì ni gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mú ọdún ìbí látinú ìwé kan, tó mú ọdún ikú látinú òmíràn, á dá Jean-Dominique kan sílẹ̀ tó lo 220 ọdún láyé.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan: Cassini I, II, III, IV, bí àwọn òpìtàn ṣe ń ṣe. Ẹ má kọ Jean-Dominique láì sí nọ́ńbà níwájú rẹ̀ láé. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọdún ìbí kúrò nínú ọdún ikú lórí gbogbo káàdì. Èyí tó bá lé ní 100, ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀. (Cassini IV lo 97 ọdún lóòótọ́, ẹ má pa á rẹ́.) Henri, ọmọ Cassini IV (1781–1832), onímọ̀ ewéko ni, òun ló ni “Cass.” tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn orúkọ ewéko. A kì í fún un ní nọ́ńbà, torí kì í ṣe ará ilé ìwòràwọ̀.

Ó kan àwọn nǹkan. Káàdì nǹkan kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má sì méfò. Torí pé òkìkí Cassini I kàn jù, òun ni wọ́n máa ń kó gbogbo ẹrù lé lórí. Tirẹ̀ ni àlàfo Cassini láàárín òrùka pílánẹ́ẹ̀tì Saturn (1675) àti òfin Cassini nípa bí òṣùpá ṣe ń yí (1693). Ṣùgbọ́n Cassini III ló ni ọ̀nà Cassini tí wọ́n fi ń ya ilẹ̀ ayé sórí bébà pẹlẹbẹ. Máàpù ńlá ilẹ̀ Faransé, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:86,400, Cassini III ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Cassini IV ló parí ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì. Kòtò Cassini tó wà lórí òṣùpá, ti Cassini I àti II ni. Èyí tó wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ti Cassini I nìkan. Ìwé 1720 tó sọ pé ayé gùn síhà òpó rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn àríwá àti gúúsù, Jacques (Cassini II) ló kọ ọ́. Àwọn tó lọ wọn ilẹ̀ ní Lapland (níhà àríwá Yúróòpù) àti Peru fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má di ẹ̀bi náà ru bàbá rẹ̀.

Ọkọ̀ òfurufú Cassini gbéra ní 1997, ó dé ọ̀dọ̀ Saturn ní 2004, wọ́n sì darí rẹ̀ wọ inú Saturn ní 15 September 2017. “Ọkọ̀ Cassini” ni kí ẹ máa pè é nígbà gbogbo. Bí ẹ bá kọ “Cassini rí omi tó ń tú jáde lára Enceladus” (ọ̀kan lára òṣùpá Saturn), òǹkàwé á rò pé ẹni ọdún 1625 ni. Òṣùpá Saturn mẹ́rin ni Cassini I rí: Iapetus, Rhea, Tethys àti Dione. Titan kò sí níbẹ̀, Huygens, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Netherlands, ló rí i ní 1655.

Oleg Cassini (1913–2006), tó ń ṣe aṣọ fún Jacqueline Kennedy, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Párìsì tí wọ́n bí i sí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni Cassini tó ń jẹ́. Ẹ má so ó mọ́ ìdílé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ọdún ìbí ni kí ẹ fi to àwọn èèyàn, nọ́ńbà ẹni tó ni wọ́n ni kí ẹ fi to àwọn nǹkan, ìlà kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá fún àwọn kéékèèké bíi àpáta òfurufú 24101 Cassini.