Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ ṣe fún àgbàlagbà tó ní lymphoma kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀

Àgbàlagbà tó ní lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn nínú ara, tó sì ti rù kì í sábà lè gba oògùn rẹ̀ pé. Wọ́n á dín in kù, wọ́n á sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, àkóràn á sì tètè mú un. Ó wà lára ohun tó ń dín ìrètí ìwòsàn kù.

Ẹ gbé síkéèlì sórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ ló dáa jù, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun. Ẹ béèrè kílò rẹ̀ ní oṣù 6 sẹ́yìn. Bí kò bá rántí, ẹ wo bóyá ìró tàbí ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́. Bó bá ti pàdánù ju 10% lọ nínú kílò rẹ̀ láìgbìyànjú àtirù, ẹ sọ fún dókítà: àmì àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni.

Kó wá jókòó, kẹ́ ẹ fi téèpù yí ibi tó nípọn jù lára ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun. Bí kò bá tó 31 cm, iṣan ti ń lọ nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà rèé: ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun. Bó bá jìn sínú tí kò tètè padà, omi ló kún un, síkéèlì àti téèpù ti ń purọ́ nìyẹn. Prednisone tó wà nínú R-CHOP, ìyẹn àkópọ̀ oògùn tí wọ́n sábà fi ń tọ́jú lymphoma, náà lè dá omi dúró sára.

Fún ìṣirò GNRI, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí àìjẹunre ṣe lè wu àgbàlagbà léwu tó, ẹ gba èsì albumin, protein kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ká ní màmá kan ga tó 160 cm, kílò wọn jẹ́ 48, albumin wọn 32 g/L. Ìwọ̀n tó yẹ obìnrin: 160 − 100 − ((160 − 150) ÷ 2.5) = 56 kg. GNRI: (1.489 × 32) + (41.7 × 48 ÷ 56) = 83.4. Bí GNRI bá ju 98 lọ, kò séwu. 92 sí 98, ewu díẹ̀. 82 sí ìsàlẹ̀ 92, ewu ti pọ̀. Kò tó 82, ewu ńlá. Àmọ́ àìsàn náà fúnra rẹ̀ máa ń fa albumin wálẹ̀, ẹyin jíjẹ nìkan ò lè gbé e sókè.

Protein tí màmá yìí nílò lójúmọ́ jẹ́ 48 sí 72 g, ìyẹn 1 sí 1.5 g fún kílò kan. Bí kíndìnrín bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹyin kan ní bíi 6 g. Kó jinná dáadáa. Ògì lásán ò ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀, ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ọn. Bí ẹnu bá bó, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí kò láta ló kù. Ẹ tún wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lórí síkéèlì kan náà.