Ẹran tí Màmá mi tọrọ: bí a ṣe ń mú ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún jáde lọ jẹun, àti bí a ṣe ń dín sítéèkì, ẹran màlúù tó nípọn, nílé

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn tí dókítà yọ àpò òróòro Màmá mi ni a tó mú wọn jáde lọ jẹun. Òkúta ló kún inú àpò náà, ó sì ti da wọ́n láàmú pẹ́ kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ikùn wọn ni wọ́n là gbọọrọ, ìdí nìyẹn tí ara wọn ò fi tètè yá bíi ti àwọn tí wọ́n ń fi ihò kéékèèké ṣe fún. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Súrùlérè, ògì àti ọbẹ̀ ẹja tí kò lépo ni wọ́n ń jẹ, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì ń tún sọ: "Àdùkẹ́, tí mo bá dìde níbí, ẹran màlúù tó nípọn ni mo fẹ́ jẹ. Kí wọ́n gbé e wá nínú àwo funfun, kí ẹnikẹ́ni má sì ní kí n wá fọ abọ́."

Tí ẹ bá ní ẹni tó ń gbádùn bọ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà kí ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro. Àpò yẹn kàn ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí ọ̀rá bá wọlé ni. Tí àpò bá ti kúrò, òróòro á máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun, ọ̀rá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Nítorí náà a ò sáré. A fi ẹyin kan dán an wò, a fi ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ ò ju ṣíbí kan lọ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà adìẹ tí a bó awọ rẹ̀. Nígbà tí inú wọn ò rú, a dá ọjọ́. Bí ẹni tiyín bá ṣì ń lo Flagyl, kí ọtí má dé tábìlì yẹn rárá.

Ẹ lọ fi ojú ara yín wo ilé oúnjẹ náà ṣáájú. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò ní Victoria Island wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àga rẹ̀ ga, kò sì ní ẹ̀yìn. Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ ò lè jókòó síbẹ̀ pẹ́. Mo rí òmíràn tó wà nísàlẹ̀, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ò jìnnà, mo sì ní kí wọ́n fi wá sí igun tí ẹ̀rọ orin ò sí. Ọ̀sán Sátidé la lọ, nítorí ìrọ̀lẹ́ Èkó kì í ṣe fún ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san. Mo fi ìrọ̀rí kékeré sáàárín ikùn Màmá àti bẹ́líìtì ọkọ̀, mo sì sọ fún àbúrò mi tó ń wakọ̀ pé kó rọra gba orí Afárá Èkó, torí gbogbo ibi tí wọ́n ti so afárá yẹn pọ̀ ló máa ń gbo ọkọ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń gba oúnjẹ sílẹ̀ bi wá bí a ṣe fẹ́ kí ẹran náà jinná tó, pé rare ni (tí inú rẹ̀ ṣì pupa), medium ni (tó jinná díẹ̀), tàbí well done (tó jinná dénú), Màmá wò mí, mo ní medium. Àwo funfun dé lóòótọ́. Màmá gé ẹran náà, omi pupa ṣàn jáde, wọ́n rọra gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Àdùkẹ́, ẹ̀jẹ̀ rèé."

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ màlúù ti dà lọ níbi tí wọ́n ti pa á. Omi inú iṣan ni, ohun tó sì mú un pọ́n ni myoglobin, tó máa ń gba ọ́síjìn pamọ́ fún iṣan. Mo ṣàlàyé, àmọ́ mi ò bá wọn jiyàn, torí ọjọ́ wọn ni. Mo ní kí wọ́n dá a padà sórí iná. Nígbà tó máa fi padà dé, ó ti le bí awọ bàtà. Màmá jẹ ìlàjì, wọ́n sì ṣàdúrà fún ọmọ tó gbé e wá. Inú mi ò dùn, torí mo mọ bí wọ́n ṣe retí ẹran yẹn tó. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mú àgbàlagbà lọ, fílẹ́ẹ̀tì, ẹran rírọ̀ abẹ́ eegun ẹ̀yìn, ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé medium well, ìyẹn láàárín medium àti well done. Ẹran tó bá ti jáde lórí iná tí a tún dá padà kì í sábàá dára mọ́.

Èmi wá pinnu pé màá dín in fún wọn nílé. Mo lọ sí ọjà Sandgrouse ní Lagos Island láàárọ̀ kùtù, torí fílẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà lára màlúù kan, àwọn ilé oúnjẹ sì máa ń tètè kó o lọ. Ẹran gígùn tó wà lábẹ́ eegun ẹ̀yìn ni, níhà inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín. Iṣan yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ́ràá púpọ̀, èyí tó bá ikùn Màmá mu. Àwọn màlúù wa máa ń rìn jìnnà, itan wọn sì le. Ẹ dúró ti alápatà o: bó bá ti ń fa àdá yọ, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má gé e wẹ́wẹ́, ẹ bá mi fi sílẹ̀ lódidi."

Ẹ má dín in lọ́jọ́ náà. Ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gan. Ẹ fi sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà, fún ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ gbé e sínú kúlà tí yìnyín kún. Bí ẹ ò bá rí fílẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ìbẹ́pẹ dúdú sára ẹran itan fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó nù ún kúrò. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Tó bá pẹ́ jù, ẹran á di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

Ẹ gé e kó nípọn tó ìka méjì. Ẹ fi iyọ̀ pa á ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi sínú fíríìjì láìbò ó, kí ara rẹ̀ lè gbẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ẹran tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀ á sè nínú omi ara rẹ̀ ni, kò ní pọ́n. Ẹ nù ún dáadáa. Ẹ gbé fráìnpáànù irin tó wúwo kaná títí omi tí ẹ bá ta sí i á fi máa jó kiri, kí ẹ wá fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Ẹ ṣí fèrèsé. Tí ẹran bá wọ inú rẹ̀, á ké ṣàà. Tí kò bá ké, ẹ yọ ọ́, iná ò tíì tó. Mo máa ń yí i padà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ra tẹmómítà tí wọ́n ń gún sínú ẹran. Kò yẹ kó dín ní 63 lórí ìwọ̀n Celsius, kó sì sinmi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ti Màmá, ní 65 ni mo ń sọ ọ́ kalẹ̀, torí ó ṣì máa ń gbóná sí i lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná. Bọ́tà ṣíbí tíì kan péré, pẹ̀lú ááyù àti ewé ẹfinrin méjì, ni mo fi ń pa á lára nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kó sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ wo bí okùn ẹran ṣe tò, kí ẹ dábùú rẹ̀ gé.

Mo gbé e síwájú wọn nínú àwo funfun, pẹ̀lú iṣu sísè àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ yẹ àárín rẹ̀ wò. Pupa rẹ̀ ò ju bí inú gúáfà lọ, omi ò sì dà. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi iṣu nu àwo, wọ́n wá ní, "Ṣé ó kù?"

Ó ku ẹyọ kan nínú fíríìjì, mo ti fi iyọ̀ pa á. Mo dìde lọ tan gáàsì.