Bí A Ṣe Ń Da Òjé Àwọ̀n àti Òjé Ìwọ̀ Fúnra Ẹni

Ìwọ̀n 327°C péré ni òjé fi ń yọ́, nítorí náà iná gáàsì lásán kápá rẹ̀. Kì í ṣe yíyọ́ rẹ̀ ló ń dààmú èèyàn. Omi ló ń ṣe ni léṣe, móòdù (ohun onídajì méjì tí a ń da òjé yíyọ́ sí kó lè gba àwòrán rẹ̀) tí kò gbóná tó ló sì ń ba òjé jẹ́. Ìyókù, ọwọ́ ni yóò kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òjé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọ̀ ló dára jù: páìpù òjé àtijọ́, òjé orí òrùlé, òjé àwọ̀n tó ti gbó. Ẹ fi èékánná ha á. Bí èékánná bá fi ìlà sílẹ̀ lára rẹ̀, ó rọ̀. Òjé tí àwọn fọkanáísà fi ń báláǹsì táyà náà wúlò, àmọ́ áńtímónì, èròjà míì tí wọ́n pò mọ́ ọn, ń mú un le. Kò yẹ fún àwọn òjé wẹ́wẹ́ tí a ń fún mọ́ okùn ìwọ̀, torí ńṣe ló máa ń sán nígbà tí ẹ̀mú bá fún un. Ẹ ṣà wọ́n dáadáa kí wọ́n tó dénú ìkòkò. Wọ́n sábà máa ń kọ Fe sára èyí tó jẹ́ irin, Zn sára síńkì, Pb sára òjé gidi. Èyí tí kò bá ní àkọlé, ẹ jù ú sórí kọnkéré: òjé á dún gbì, síńkì á dún kéń.

Síńkì yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti mú kí odindi ìkòkò òjé ki, kó máa ṣe wóró-wóró, kó má ṣàn wọ inú móòdù mọ́. Ọpẹ́ ni pé nǹkan bí 420°C ló tó ń yọ́, ó sì fúyẹ́ ju òjé lọ. Bí ìkòkò yín kò bá kọjá 400°C, yóò léfòó láì tíì yọ́, ẹ ó sì fi ìgbakọ kó o kúrò. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ásíìdì wà níbẹ̀, àséníìkì, èròjà olóró, sì lè wà nínú òjé rẹ̀. Bí omi bá kan ìdàrọ́ rẹ̀ (ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí òjé yíyọ́), gáàsì olóró lè jáde.

Ìkòkò irin tó nípọn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti alumíníọ̀mù, torí bí iná bá le, ìkòkò alumíníọ̀mù á rọ̀, ìdí rẹ̀ á já, òjé gbígbóná á sì dà sílẹ̀ lójijì. Ìkòkò tí a bá ti fi yọ́ òjé kì í padà sí ilé ìdáná láéláé, ìgbakọ rẹ̀ náà kì í padà. Ẹ gbé sítóòfù sí ìta, níbi tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́. Aṣọ òwú alápá gígùn, bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, ṣòkòtò tó bọ́ sórí bàtà kì í ṣe sínú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ awọ, awò tó bo ojú yíká. Aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ awọ ara, ẹ má wọ̀ ọ́. Kí ọmọdé àti aboyún jìnnà síbẹ̀, títí kan àkókò ìgbálẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀kán omi kan tó bá kó sábẹ́ òjé yíyọ́ á di oru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oru náà á sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ ni yóò gbé fò, òjé sì ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó òjé sínú ìkòkò nígbà tí ìkòkò ṣì tutù, kí gbogbo rẹ̀ gbóná pọ̀, kí omi ara rẹ̀ gbẹ kó tó yọ́. Òjé àwọ̀n tó ti òkun bọ̀ ló burú jù nínú ọ̀ràn yìí, nítorí omi máa ń sá pamọ́ sínú ihò okùn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún èyí tó ti yọ́, ẹ kọ́kọ́ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ iná títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ tó fi ẹ̀mú rọra kì í bọ̀ ọ́. Ìgbakọ náà gbọ́dọ̀ gbóná kó tó kan òjé. Bí òjò bá ṣú, ẹ pa iná.

Bí òjé bá ti yọ́ tán, ẹ gbé e dé 370 sí 400°C. Ẹ lo tẹmọ́mítà tó lè wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú òjé bá ń pọ́n bíi wúrà, tó tún ń di aró, iná ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Ẹ wá ju ìda oyin tó tó orí àtàǹpàkò sí i. Yóò rú èéfín, ó sì lè gbiná fìrì, nítorí náà ẹ sún ojú sẹ́yìn. Ẹ rò ó, ẹ ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ìda yìí ló ń dá òjé tó ti fẹ́ di eérú padà, ìdọ̀tí nìkan ló máa léfòó. Ẹ kó ìdàrọ́ náà sínú agolo onídèérí, kí ẹ sì rọra ṣe é: ìyẹ̀fun rẹ̀ ló rọrùn jù láti fà símú.

Móòdù alumíníọ̀mù tuntun máa ń ní òróró lára. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrin, kí ẹ wá fi ọwọ́ iná àbẹ́là kun inú rẹ̀ títí èéfín yóò fi bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé e sí etí ìkòkò fún ìṣẹ́jú 10. Wáyà tí yóò di ojú òjé, bàbà pupa tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kí ẹ sì ká ìdí rẹ̀ bí ìwọ̀ kó lè dè mọ́nú. Wáyà tó tọ́ gbọnrangandan yóò fà yọ lọ́jọ́ tí òjé bá há sábẹ́ òkúta.

Ẹ bu òjé kún ìgbakọ, ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má dúró láàárín. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ ṣẹ́kù sórí ẹnu móòdù, torí òjé máa ń sún kì nígbà tó bá ń dì, orí yẹn ni yóò sì ti fa èyí tó kù. Ẹni tó bá dà á gẹ́lẹ́, inú òjé rẹ̀ á ṣófo. Ẹ máa wo orí yẹn: ó ń dán bíi dígí, lójijì ni yóò ṣú. Ẹ ka mẹ́wàá sí i, ẹ ṣí móòdù, ẹ gbọn òjé náà sórí aṣọ òwú gbígbẹ tó nípọn.

Márùn-ún sí mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í dára, kó má bà yín nínú jẹ́. Ẹ dá wọn padà sínú ìkòkò. Bí ara òjé bá hun jọ, tí igun rẹ̀ kò sì pé, móòdù ṣì tutù ni, tàbí òróró ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ má sáré fi kún iná, ẹ da mélòó kan sí i kí móòdù gbóná. Bó bá funfun bí ẹni pé ìrì dì sí i lára, móòdù ti gbóná jù, ẹ sinmi díẹ̀. Kò ní ṣe ẹja ní nǹkan kan. Bó bá yọ létí fẹ́lẹ́, ìdọ̀tí ló há sáàárín ìdajì méjèèjì. Ẹ ha á kúrò, ẹ má fi òòlù lu móòdù.

Ní ti ìwúwo, òjé tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 11.34. Òjé roboto tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 yóò wọn bíi gíráàmù 47. Gbọọrọ tó fẹ̀ ní 1.5, tó gùn ní 3, yóò wọn 60. Bí ihò mìlímítà 3 bá là á já, ó máa tó 58. Òjé líle máa ń fúyẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mọ òfin omi tí ẹ ń pẹja sí. Ní Íńgílándì, láti 1987, òjé ìwọ̀ tó wà láàárín gíráàmù 0.06 sí 28.35 ti di èèwọ̀, nítorí àwọn ẹyẹ odò ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n.

Bí òjé yíyọ́ bá ta sí ara, ẹ má fà á ya. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú kí oúnjẹ tó kan ẹnu, ẹ dá aṣọ iṣẹ́ fọ̀ lọ́tọ̀. Kí òjé tó ṣẹ́kù tó dì, ẹ dà á sínú agbada irin gbígbẹ kó di ìṣù kéékèèké. Bó bá dì sínú ìkòkò, nígbà míì tí ẹ bá dáná, ìdí ni yóò kọ́kọ́ yọ́ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì le, òjé ìsàlẹ̀ sì lè ta jáde ní etí.