Bí a ṣe ń jiyàn lórí Superman, Batman àti kéèkì, kí ilé má gbóná

Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn ọmọ tó máa ń kóra jọ sílé mi n'Íbàdàn lọ́sàn-án Sátidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ alájọgbélé, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀: “Ta ló lágbára jù, Superman àbí Batman?” Ìbéèrè yẹn kò gbé ọ̀rọ̀ rìn. Akọni inú ìwé àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Superman ń fọwọ́ kan gbé ọkọ̀. Batman, èèyàn bíi tiwa ni, owó, ọpọlọ àti eré ìmárale ló fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ti sọ èyí ti sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni ariwo, torí pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu ni ohùn máa ń lọ sókè.

Ẹ yí i padà báyìí: “Bí olè bá ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu, èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ fẹ́ kó wá máa gbé òpópónà wa?” Ẹ ó rí i pé kíá lọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀. Ẹnìkan á ní Superman ni, torí pé ó ń gbọ́ igbe láti ibi tó jìnnà. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ẹni tí ojú rẹ̀ ń la ògiri kọjá, ṣé àṣírí á tún kù fún ẹnikẹ́ni nínú ilé? Wọ́n á dé orí Batman: ó ń fi òru ṣọ́ ìlú, ó ń wádìí bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n ta ló yàn án? Bó bá ṣi èèyàn mú ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta la ó ti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Àwọn ọmọ tó mọ ọdẹ àdúgbò tí ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù ń sanwó oṣù fún kì í pẹ́ rí ohun sọ sí èyí. Ọdẹ ní ẹni tó ń dáhùn fún. Batman kò ní. Ibẹ̀ ni ìjiyàn ti ń dùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹ fẹnu kò lórí Superman wo àti Batman wo lẹ ń sọ. Ìdajì ìjà tí mo ti rí láàárín àwọn ọmọ, orí èyí ló dá lé. Superman tó jáde nínú ìwé àwòrán Action Comics ní 1938 kì í fò lójú ọ̀run bí ẹyẹ. Ìfòsókè ló ń fò, ìfò kan a sì gbé e tó bíi 200 mítà. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń gbé ní Cleveland l'Amẹ́ríkà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ló dá a sílẹ̀, dọ́là 130 péré ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ yẹn, kò bá ẹ̀dá inú òfuurufú kankan jà. Ó gba obìnrin tí wọ́n fẹ́ pa láìṣẹ̀ sílẹ̀, ó sì fìyà jẹ ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀. Batman tẹ̀lé e ní 1939 nínú Detective Comics. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ó máa ń mú ìbọn dání nígbà mìíràn, èèyàn sì ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn olóòtú fòfin dè é, tó wá di ẹni tí kì í pa èèyàn, tí kì í sì yìnbọn. Nítorí náà, ọmọ tó ní Batman kì í pa èèyàn àti èyí tó ní ó ń pa èèyàn lè jọ máa sọ òótọ́. Bí wọn kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pe ara wọn ní òpùrọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: “Ti òde òní là ń sọ,” tàbí “Ti 1940 là ń sọ.”

Níbi tí mo bá ti dárúkọ Batman, mo máa ń dárúkọ Bill Finger pẹ̀lú. Òun àti Bob Kane ni wọ́n jọ ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ Kane nìkan ni wọ́n ń kọ sára iṣẹ́ náà. Finger kú ní 1974. Ó di 2015 kí wọ́n tó gbà láti máa kọ orúkọ tirẹ̀ náà sí i. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ, torí pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló yẹ ká dárúkọ.

Ó kan pípín sí apá méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú apá tó wù ú. Ẹ ṣẹ́ gègé: ẹ kọ S àti B sórí pépà kéékèèké, ẹ ká a, ẹ dà á sínú abọ́, kí kálukú fà á. Ọmọ tó ti ń wọ ẹ̀wù Batman láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, bí ẹ bá ní kó gbèjà Batman, gbogbo èsì tí wọ́n bá fọ̀ sí i ló máa dà bí èébú lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gègé bá mú un sọ́dọ̀ Superman, á ní láti wá ohun rere nínú ẹni tí kò fẹ́ràn. Ọmọ àbúrò mi kan tó fẹ́ràn Batman gan-an fa S lọ́jọ́ kan. Ó jókòó sí igun, ó ronú, ó wá dìde pé ohun tó wú òun lórí lára Superman kì í ṣe agbára rẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Kansas ló rí ọmọ tí wọn kò mọ ìdílé rẹ̀, tí wọ́n gbé e wọlé, tí wọ́n fún un lórúkọ, tí wọ́n tọ́ ọ. Pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ya ìkà, ayé ló máa parun, ẹ̀kọ́ ilé ló sì gba gbogbo ayé là. Ilé dákẹ́. Àwọn tó wà lápá Batman kò rí èsì fọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìjiyàn rí nílé ẹ̀kọ́ girama mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀: alága, ẹ̀yin adájọ́, olùṣọ́ àkókò tí kì í yẹ̀, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Nínú ilé, alága kan àti ẹni tó ń wo aago fóònù ti tó. Ìṣẹ́jú 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi kún un, kódà bí ọ̀rọ̀ ń dùn.

Òfin tí mo dì mú jù lọ nìyí: kí o tó fèsì, kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnìkejì rẹ wí, lọ́rọ̀ ara rẹ, títí yóò fi dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.” Bí kò bá tíì gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun wí, o kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì. Àwọn àgbà ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin yìí ni mo fi ń mú un ṣẹ láàárín àwọn ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa ń fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹnìkan á ní, “O ní Superman dára torí pé ó lágbára.” Ìkejì á ní, “Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó lágbára, kò sì fi jẹ gàba.” Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn jà lé lórí ni ẹnikẹ́ni kò sọ rárá.

Síbẹ̀, kì í ṣe orí Superman ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nílé Yorùbá. Orí ọjọ́ orí ni. Ọmọ ọdún 10 fẹ́ tako ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 17, bó bá la ẹnu pé “Irọ́ ni!”, ó ti di àrífín nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní rántí kéèkì tàbí akọni mọ́. Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á máa sọ: “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi.” Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àtakò náà sì wà níbẹ̀ ní kíkún. Ọmọ tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà á kọ́kọ́ ní “Tótó, ó ṣe bí òwe o,” kí àgbà dá a lóhùn pé “Wàá rí òmíràn pa.” Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa lò ó. Mo ti rí ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ balẹ̀ lójijì torí pé gbogbo àgbà yàrá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin náà sì mú àgbà. “Ọmọdé, kí lo mọ̀?” kì í ṣe èsì. “Ṣé èmi lò ń bá wí báyẹn?” kì í ṣe èsì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí dáhùn ìbéèrè, ìṣẹ́jú rẹ̀ tán nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ìbáà jẹ́, bàbá ìbáà jẹ́. Òpè, ọ̀dẹ̀, olódo: ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní ọ̀kan nínú wọn á jókòó títí di ìbéèrè tó kàn.

Ohun kan wà tí n kì í jẹ́ kí wọ́n gbé wá síbi ìjiyàn yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ kan á ní ká fi Ṣàngó kojú Thor, torí pé àwọn méjèèjì ló ni àrá. Thor ti wà nínú ìwé àwòrán Marvel láti 1962, mo sì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ fún Ṣàngó títí di òní, n'Íbàdàn, n'Ọ́yọ̀ọ́, ní Brazil, ní Cuba. Kò yẹ ká dìbò lé ohun tí ẹnìkan ń gbàdúrà sí, kí ẹni tó fi ọkàn sìn ín sì jókòó sáàárín wa. Ẹ sọ ìtàn Ṣàngó fún wọn lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì sọ ọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kéèkì wá yàtọ̀, torí pé orí tábìlì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Iṣẹ́ mi ni kéèkì, mo ń ṣe é fún ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí, n kò sì tíì rí ìdílé tí ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ohun tí a ó fi bò ó. Àwọn kan ní buttercream: bọ́tà tí a fi icing sugar pò, bíi gíráàmù 250 bọ́tà sí gíráàmù 500 icing sugar. Ó ń yọ́ lẹ́nu. Àwọn tó kù ní fondant: icing sugar, omi, gelatin, glucose àti glycerine díẹ̀, tí a pò bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí a wá dà bo kéèkì. Fondant la fi ń ṣe gèlè, fìlà, ìlù gángan àti akèrèǹgbè ẹmu sórí kéèkì ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní súgà lásán ni, wọ́n á bó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

“Èwo ló dùn jù?” kò gbé ọ̀rọ̀ rìn níhìn-ín náà, kò sẹ́ni tó ń fi àlàyé yí ahọ́n ẹlòmíràn padà. Ẹ bi wọ́n pé: “Èwo ni ká gbé láti Ìbàdàn lọ síbi ìgbéyàwó n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án oṣù Kẹta?” Kí ẹ wá jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ẹ ṣe kéèkì kan ṣoṣo, ẹ gé e sí méjì, ẹ fi buttercream bo ọ̀kan, ẹ fi fondant bo èkejì, ẹ gbé méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án. Bọ́tà máa ń yọ́ tán ní nǹkan bíi 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta n'Íbàdàn sì máa ń dé bẹ̀. Etí buttercream á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, òdòdó tí ẹ fi ṣe é á wó. Fondant á dúró. Àwọn ọmọ tó wà lápá fondant á máa yọ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ gbé kéèkì kan tí a fi fondant bò, tó ti sun fíríìjì, jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti làágùn, á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ wá gé e, kí ẹ fi abẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n: buttercream fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi pa kéèkì náà kí fondant tó lè dì mọ́ ọn. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọjọ́ náà nìyí, torí pé apá méjèèjì á tún ọ̀rọ̀ wọn rò. Èmi fúnra mi, buttercream ni mo fẹ́ jẹ, fondant ni mo fẹ́ gbé lọ sóde. Bí ọmọ kan bá ní àgbọn rínrin ló yẹ kó wà lókè, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 2 tirẹ̀.

Kí ẹ tó pín kéèkì, ẹ béèrè ẹni tí wàrà tàbí ẹyin kì í bá lára mu, àti ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ra fún súgà. Ẹ sì ka ara páálí gelatin. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jẹun, èyí tí wọ́n kọ halal sí ni kí ẹ rà.

Ní ti ìdájọ́, alága kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó gbà. Kí ìjiyàn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí àwọn òǹwòran nawọ́, kí ẹ kọ iye tó wà lápá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá parí, kí wọ́n tún nawọ́. Apá tí iye rẹ̀ bá fi pọ̀ sí i jù ló borí, kódà bó jẹ́ àwọn ló ṣì kéré jù nínú yàrá. Apá tó bá pàdánù ló máa mú ìbéèrè Sátidé tó ń bọ̀ wá. Èyí tí wọ́n mú wá kẹ́yìn ni pé ṣé ó tọ́ kí Wakanda, orílẹ̀-èdè inú ìtàn Black Panther ti Marvel, fi ìmọ̀ àti ọrọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Áfíríkà, mo sì ti fi bọ́tà sílẹ̀ de wọ́n.