Bí Ọ̀dọ́ Tó Ń Mu Sìgá Ṣe Lè Fi Ara Rẹ̀ Dán Ohun Tí Èéfín Ń Ṣe sí Ẹsẹ̀ àti Ọwọ́ Wò

Òkè Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, àtẹ̀gùn tí a ń gbà gùn ún sì lé ní 600. Ọ̀dọ́ tó bá ní sìgá kò tíì ṣe òun ní nǹkan kan, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó lọ, nítorí pé kí ikọ́ tó dé, ẹsẹ̀ ti máa ń tú àṣírí.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó nílé ní òwúrọ̀ kí ẹ tó mu sìgá kankan, kí ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ níbi tí iṣan ti ń sọ, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó sọ láàárín ìṣẹ́jú 1. Ẹ tún un kà lẹ́yìn sìgá tí ẹ ti fẹ́ mu tẹ́lẹ̀. Ẹ má torí ìdánwò tanná sí òmíràn. Iye náà yóò ga, nítorí pé nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń sọ ni di bárakú, ń lé ọkàn sáré, ó sì ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín tún ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí ara nílò, ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọkàn ń sáré, síbẹ̀ ọ́síjìn tó ń dé iṣan itan kò pé. Ìdí nìyí tí agbábọ́ọ̀lù tó ń mu sìgá, tó sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ fi ń pẹ́ débẹ̀.

Ní Ìdànrè, ẹ ka àtẹ̀gùn tí ẹ gùn kí èémí tó dá yín dúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àyà bá ń dun yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ní ti ọwọ́, ẹ bu omi kún ife dé ẹnu, ẹ na apá tó dì í mú, kí ẹ sì wo ojú omi náà dáadáa: bí ó bá ń mì wìrìwìrì, ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Ọmọṣẹ́ télọ̀ lè ní sìgá ló ń jẹ́ kí òun rí òwú fi bọ abẹ́rẹ́. Kò parọ́ tán, ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ ara tí sìgá àná dá sílẹ̀ ni ti òní ń pẹ̀tù sí.

Láàárín ìṣẹ́jú 20 tí ẹ bá dáwọ́ dúró, lílù ọkàn yóò ti máa rọlẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, carbon monoxide yóò ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni òǹgbẹ sìgá máa ń le jù, nítorí náà ẹ má fi ìdánwò kankan sí àkókò náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí oṣù 3 ni ìṣàn ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ń sunwọ̀n sí i. Nígbà tó bá pé oṣù 3, ẹ padà sí Ìdànrè ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú bàtà kan náà, kí ẹ sì kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́.