Àṣìṣe Tí Àwọn Onígbọ̀wọ́ Máa Ń Ṣe Bí Wọ́n Bá Lọ Kí Ìdílé Ọmọ Tí Wọ́n Ń Ràn Lọ́wọ́ Lókè Òkun

Ẹni tó ti ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù fún ọmọ kan lókè òkun, tó sì ń gba lẹ́tà àti fọ́tò rẹ̀, kò ní ṣàì fẹ́ fojú kàn án lọ́jọ́ kan. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ná, kí wọ́n tó wá kọ̀wé sí àjọ tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọmọ náà. Àwọn àjọ bíi World Vision, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1950, àti Compassion International, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1952, fẹ́ kí ẹ ti sọ fún wọn tipẹ́tipẹ́, wọ́n á sì wádìí yín wò bóyá ẹ ti hùwà ọ̀daràn rí. Èyí máa ń bí àwọn kan nínú: "Èmi tí mò ń náwó lé e lórí?" Ẹ má bínú. Ẹni tó fẹ́ ba ayé ọmọdé jẹ́ náà lè máa sanwó oṣooṣù.

Ẹ má ṣe wá ilé náà lọ fúnra yín, torí pé ẹ rí orúkọ abúlé wọn nínú lẹ́tà. Òṣìṣẹ́ àjọ ló yẹ kó mú yín lọ, kó sì wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi kúrò. Bí wọ́n bá ní ọ́fíìsì ni ẹ ti máa pàdé, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ wá sùn lọ́dọ̀ yín ní òtẹ́ẹ̀lì kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀.

Ẹ̀bùn ló ń da nǹkan rú jù. Àlejò á kó fóònù olówó ńlá dé, á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ níṣojú bàbá àti ìyá tó ń jí ní kùtùkùtù wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Lójú ọmọ yẹn, ta ló wá jẹ́ òbí? Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan wá fún ń wò ó. Àwọn ọmọ àdúgbò tí onígbọ̀wọ́ tiwọn ò wá rí náà ń wò ó. Olè pàápàá ń gbọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ohun tó bá yẹ, kó jẹ́ ohun tí gbogbo ilé lè jọ lò, kí ẹ sì gbé e fún òbí, kí ó tọwọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lójú tèmi, bọ́ọ̀lù kan àti fọ́tò ìdílé tiyín tó. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun ńlá, ẹ gba ọwọ́ àjọ ṣe é.

Ìlérí ló tẹ̀ lé e. "Màá mú ẹ lọ sílùú mi" rọrùn láti sọ nígbà tí inú bá dùn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yín kọ́ ni físà wà. Ṣíṣe onígbọ̀wọ́ kì í sì í ṣe gbígba ọmọ tọ́. Òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún ìyẹn, títí kan Àdéhùn Hague ti ọdún 1993 lórí gbígba ọmọ tọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ̀yin á ti gbàgbé ìlérí yẹn, ọmọ á ṣì máa retí yín.

Ẹlòmíì á jókòó ti ìyá ọmọ, á ní, "Kí lẹ wá ń fi owó mi ṣe?" Ìtìjú gbáà nìyẹn jẹ́ fún un. Ní àwọn àjọ kan, owó yẹn kì í dé ọwọ́ ìdílé rárá. Iṣẹ́ omi, ẹ̀kọ́ àti ìlera àdúgbò ni wọ́n ń dà á pọ̀ fi ṣe. Ọ́fíìsì ni kí ẹ ti béèrè.

Bí ògbufọ̀ bá wà, ojú ìyá tàbí bàbá ni kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú ògbufọ̀. Ẹ má béèrè ikú tàbí àìsàn tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé, àfi bí wọ́n bá fẹnu ara wọn dá a sílẹ̀. Bí ojú bá ń ti ọmọ, ẹ má fà á mọ́ra tipátipá.

Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí àti ọmọ. Ẹ má sì gbé e sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti ibi tó ń gbé: ẹ̀tọ́ ọmọdé sí àṣírí tirẹ̀ wà nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1989. Nọ́ńbà fóònù náà, ẹ má fún wọn, ẹ má sì gbà á. Bí wàhálà bá dé bá wọn lọ́la, tiyín ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kì í kọ lẹ́tà mọ́ tí wọ́n bá ti padà délé, bí ẹni pé ìbẹ̀wò ti parí gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ láìpẹ́, kí ẹ dárúkọ gbogbo àwọn tí ẹ bá nílé, kí ẹ sì fi fọ́tò tí gbogbo yín jọ yà ránṣẹ́ sí àjọ, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fún ìdílé náà.